Igi Ògùrọ̀ Kì í Fúnni Lẹ́ẹ̀mejì

Obìnrin tó ń bójú tó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní D-Line, ní Port Harcourt níbí, ló ní kí n kọ̀wé nípa iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, kí ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò kọ́ lè rí nǹkan mú lò níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wúni lórí o." Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìwúrí kó dúró de oníwàásù. Iṣẹ́ tí mo fi ìgbà èwe mi kọ́ ti kú, ilẹ̀ tí mo ti ṣe é ti di omi iyọ̀, ọ̀gá tó kọ́ mi kò sì fi ayọ̀ wọ ilẹ̀. Ìbànújẹ́ ni mo ní láti sọ, mo sì máa sọ ọ́, torí bí àgbà bá dákẹ́ jù, ọmọdé á rò pé bí òun ṣe bá ayé ni ayé ṣe wà látilẹ̀.

Adẹ́mu ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá mi dá ẹmu nílé, ní abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà, bàbá tirẹ̀ náà dá a. Kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi ni mo ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ọ̀pẹ tó ga débi pé ẹni tó wà lókè ń rí òrùlé abúlé kejì. Àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Port Harcourt ló wá mú mi lọ pé kí n wá máa bá òun kiri. Mo bá a kiri títí mo fi ru aṣọ dé Okrika lọ́jọ́ kan, òùngbẹ ń gbẹ mí, ìyá kan bu ife ògùrọ̀ kan fún mi. Ọ̀rọ̀ aṣọ parí níbẹ̀. Bí mo ṣe dé iwájú ẹni tó dá ògùrọ̀ náà, bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ kó gbà mí, ohun tó ń fún mi lóṣù, kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀ tí ẹ lè rí kọ́. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Pa Dagogo ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Okrika ni, ó kúrú, ó gbẹ, kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ Okrika: erékùṣù ni, omi iyọ̀ ló yí i ká, àwọn igi etí odò ibẹ̀ na gbòǹgbò sókè bí ẹsẹ̀ akàn. Ògùrọ̀ kì í hù nínú iyọ̀. Igbó Pa wà lókè odò, lórí ilẹ̀ àwọn ìbátan ìyá rẹ̀. A óò máa wa ọkọ̀ títí omi á fi kúrò ní aláwọ̀ eérú, tó máa di dúdú tó mọ́ kedere. Àwọn igi onígbòǹgbò á tán, ewé ògùrọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lórí wa. Ibẹ̀ tutù lọ́sàn-án gangan, òórùn ẹmu á sì ti pàdé wa lọ́nà kí a tó rí igi kankan. Mo ti gbé ìlú yìí pẹ́, mi ò rí ibi tó dára tó ibẹ̀ rí.

Níbi tí iyọ̀ ti tán nínú odò náà, Pa máa ń ní kí n dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Á ti ìka kan bọ omi, á tọ́ ọ wò, á mi orí, kó tó ní ká máa lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà ló ń gbà. Kì í ṣe àdúrà, igi rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ìka kan náà yẹn ló máa ń tì bọ akèrègbè, tó máa sọ fún ẹ igi tí ẹmu inú rẹ̀ ti wá. Ju àfẹnukàn yẹn lọ, kì í mu.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo yan wọ inú igbó náà bí ọmọ onílé. Mo ní, "Pa, I sabi this work. My papa dey do am."

Ó bi mí pé, "Your papa palm, how many times e dey give wine?"

Mo ní lọ́dọọdún ni. Ẹ lè bi adẹ́mu ilé wa: ọ̀pẹ á fúnni, a óò jẹ́ kó sinmi, a óò tún padà gùn ún. Ọ̀pẹ tí bàbá bàbá mi dá, èmi náà dá a. Pa fà mí lọ́wọ́ dé ìdí igi kan tó dúró gbọnrangandan láìléwé, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kàn án, ó dún kòròfo.

"This one don give," ó wí. "E no go give again. Na one time. One time, e die."

Ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí, torí orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé. Igi ògùrọ̀ máa ń dàgbà fún ọdún púpọ̀ láìfúnni ní nǹkan kan, ó ń kó o pamọ́ ni. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó so, gbogbo ohun tó ti kó jọ láyé rẹ̀ á gòkè wá sí orí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni adẹ́mu á gé ọkàn inú rẹ̀, tó máa gbé akèrègbè sí i, tó máa fá a láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ṣàn tán, igi kú nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ dá a, á so èso rẹ̀, á kú náà ni. Bí o bá pẹ́, èso ti mu gbogbo rẹ̀. Bí o bá kánjú gé e, omi kíkan díẹ̀ ló máa yọ, igi á sì kú lásán.

Àmì kan ló wà. Ewé ògùrọ̀ máa ń gùn ju ilé lọ, ṣùgbọ́n bí àkókò igi bá tó, ewé tuntun tó bá yọ á kúrú. Pa ń pè é ní small leaf. Ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ kan igi tí kò tíì yọ small leaf, bó jẹ́ ọba ló fẹ́ mu ún.

Odidi ìgbà òjò kan ni mi ò fi fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n wa ọkọ̀, kí n sì nàka sí igi tó bá ti tó. Ó rọrùn létí, àbí? Ẹ dúró sábẹ́ ewé tó gùn ju ilé lọ, kí ẹ wá sọ èyí tó kúrú níbẹ̀. Bí mo bá nàka sí igi tí kò tíì tó, Pa kì í bínú, kì í sọ̀rọ̀. Á kàn sọ fún ìyàwó rẹ̀, Mama Ibinabo, nígbà tí a bá délé pé, "No fish for Ngbati today." Ngbati ni wọ́n máa ń pe àwa Yorùbá lápá ibẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi wá ṣẹ̀fẹ̀, ó sì di orúkọ mi nílé yẹn. Ní Okrika, kí wọ́n gbé oúnjẹ fún ẹ láìsí ẹja, ìtìjú ni. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ lásán níwájú àwọn àlejò.

Àṣírí kan wà níbẹ̀ o. Mama Ibinabo ò lè wo ebi lójú ẹni. Bí mo bá bu ẹ̀bà dé àárín, mo máa ń bá ẹja kan nísàlẹ̀ àwo, èyí tó ti fi ẹ̀bà bò mọ́lẹ̀. Màá wo ojú rẹ̀, á máa wo ibòmíràn. Pa á jókòó lókè ọ̀hún, á máa jẹun tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi àti Mama gbà pé a ti rí i tan jẹ.

Lọ́jọ́ tó wá fún mi ní ọ̀bẹ, ó fún mi ní igi kan tèmi pẹ̀lú. Kí n tó gé e, ó ní kí n kọ́kọ́ gbin èso ògùrọ̀ kan sí ìdí rẹ̀. Ife àkọ́kọ́ tó bá ṣàn, ibẹ̀ la óò dà á sí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò ṣáájú. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn, bí àwọn ará ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn, ìdí nìyẹn tí igbó náà fi wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Mo rò pé mo ti rí iṣẹ́ tí mo máa ṣe kú.

Ọdún 1967 ni nǹkan dàrú, tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi wá bá mi ní Okrika, ó ti di ẹrù rẹ̀.

"Dáníẹ́lì, dìde ká lọ. Wọ́n ní kí àjèjì má kù síbí mọ́."

Mo ní, "Bàbá, mo ní igi tó ń ṣàn lọ́wọ́."

"Igi? Orí ẹ ni wọ́n fẹ́ gé, o ń sọ ti igi."

Ó wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti yí, ó sì lọ. Mo rò pé ogun á parí kí igi náà tó ṣàn tán. Bí ọmọdé ṣe máa ń ronú nìyẹn.

Pa ló sọ mí di odi. Pidgin mi ń rùn Ìjẹ̀ṣà, ó ní bí mo bá la ẹnu níwájú sọ́jà, mo ti parí. Nítorí náà bí wọ́n bá dé etí omi tí wọ́n bi í pé, "Who be this one?", á ní, "My sister pikin. E no dey talk." Èmi á máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, màá máa la ẹnu sílẹ̀. Mama Ibinabo á sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwa Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ bó ṣe ni mí lára tó láti dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, mo ń yadi nínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, torí kò dájú ẹni tó wà lẹ́yìn ewé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn sọ́jà tó wà nílùú nígbà náà ní kí àwọn ará erékùṣù kó lọ sókè ilẹ̀, pé àwọn ò fọkàn tán wọn létí omi. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ kejì dé, ẹ óò rí ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ tiwọn náà. Pa yọ́ wá sínú igbó láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó wọn, Mama wà nínú ọkọ̀, ó gbé ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ewé dì sórí itan, ó sì nà án sí mi.

Pa ní, "Ngbati, hold this bush for me. If small leaf come, tap am, plant am. If small leaf no come, no knife. Anybody."

Mo ní, "I go hold am, Pa."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ni kí Pa padà wá bá igbó rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀.

Mo ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Mò ń jẹ ẹja, mò ń wu kókò, mò ń dá igi tó bá ti tó, mò ń gbin èso sí ìdí rẹ̀. Mò ń gbọ́ ìbọn láti ọ̀nà Port Harcourt, ó sún mọ́ tòsí, ó tún jìnnà. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kọ̀ kan tó ń sá lọ pé ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà lórí àkàbà, mò ń fá orí igi, ni mo gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, adẹ́mu."

Ẹnikẹ́ni tó ti gbé oko nílẹ̀ wa rí mọ̀ pé ẹni tó bá gba ìdí igi kọjá nígbà tí adẹ́mu wà lókè gbọ́dọ̀ kí i, adẹ́mu náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn, kí ẹni ìsàlẹ̀ lè mọ̀ pé ó ti rí òun, kò ní ju nǹkan lu òun lórí. Ó ti pẹ́ tí mo ti yadi. Ẹnu mi kò bi mí léèrè kó tó là.

"Òo. Ẹ kú ìrìn o."

Nígbà tí mo wolẹ̀, sọ́jà kan ló dúró sínú omi tó dé ìdí, ó gbé ìbọn sórí èjìká, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bíi tèmi. Sájẹ́ǹtì Àjàyí, ọmọ Èkìtì. Bàbá tirẹ̀ náà, adẹ́mu ni. Ó ní òun rí ẹni tó wà lórí igi, òun rí akèrègbè, ìkíni náà sì jáde lẹ́nu òun bó ṣe máa ń jáde lóko bàbá òun, òun ò tilẹ̀ retí pé ẹnikẹ́ni á dáhùn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó dì mọ́ mi nínú ẹrẹ̀, àwa méjèèjì sì sunkún.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́, torí òun gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí títí dòní. Ó sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé àbúrò òun ni mí, kò sì sẹ́ni tó fìyà jẹ mí. Ó ń fún mi ní iyọ̀ àti ọṣẹ. Láràárọ̀, èmi náà ń gbé ẹmu fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà pọ̀, igi tó ti yọ small leaf sì ń tán. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo gbé akèrègbè kan ṣoṣo lọ bá a. Ó tẹ̀ lé mi padà sínú igbó, òun àti àwọn bíi mélòó kan, wọ́n mú àdá dání.

Ó tọ́ka yí igbó náà ká. "Gbogbo èyí tó kù yìí ńkọ́?"

"Wọn ò tíì tó, Sájẹ́ǹtì."

"Kí ni kò tíì tó? Bàbá mi ń dá èyí tó kéré jù báyìí lọ."

"Ọ̀pẹ nìyẹn. Ògùrọ̀ nìyí. Bí ẹ bá gé e báyìí, á kú. Kò ní í hù mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, aṣọ lẹ̀yin mọ̀ ọ́n tà. Ta lo fẹ́ kọ́ ní ẹmu dídá? Ẹmu kì í pa ọ̀pẹ. A ó dá a, a ó jẹ́ kó sinmi, òjò á rọ̀, á tún fúnni."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo sọ ti Pa fún un, mo sọ ti ewé, mo sọ ìlérí tí mo ṣe. Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan igi tó ti kú kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó fọwọ́ lé mi léjìká.

"Dáníẹ́lì, àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ síwájú ogun lọ́la. Ta ni kí n sọ fún nínú wọn pé kó dúró de ewé?"

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá mi wá èsì rẹ̀.

Wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àtèyí tó tó ènìyàn àtèyí tí kò tó. Bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀pẹ ni wọ́n ṣe dá a, wọ́n sì fara balẹ̀ ṣe é, torí Sájẹ́ǹtì mọ iṣẹ́ ilé rẹ̀ dáadáa. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ohun tó ṣàn kò kún ìsàlẹ̀ akèrègbè, ó kan bí ọtí kíkan. Àwọn ọmọ ogun tu ú sílẹ̀, wọ́n sì lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Mi ò rí púpọ̀ nínú wọn mọ́.

Àwọn ewé gbẹ, wọ́n wó lulẹ̀, oòrùn sì wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Sájẹ́ǹtì a máa yọjú lóòrèkóòrè, á fọwọ́ kan igi, á ní, "Wọ́n ń sinmi." Mi ò bá a jiyàn mọ́. Pa ti kó èso pamọ́ sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá àtíbàbà kó tó lọ. Mo kó wọn jáde, mo gbin wọn sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, òkú igi kan, èso kan. Ife àkọ́kọ́ kò sí tí mo lè dà sí i, nítorí náà mo bu omi odò. Wọ́n hù. Láti ìgbà tí wọ́n ti hù ni mo tún ti ń rí oorun sùn.

Ogun parí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Pa fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Mo rí i tó ń bọ̀ létí omi, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó ti rù kan egungun. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Mama nko?"

Ó ní, "She stay for there."

Bí mo ṣe mọ̀ pé Mama ti kú nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ó ní ká lọ sígbó. Níbi tó ti máa ń tọ́ omi wò, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí. Nígbà tí a débẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń ti ìdí igi kan bọ́ sí èkejì, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kàn wọ́n. Kòròfo. Kòròfo. Kò fo ọ̀kan. Mò ń tẹ̀ lé e, mò ń rojọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Ìgbà tó kàn wọ́n tán ló tó rí àwọn ọmọ ògùrọ̀ tó ti ń dé orúnkún nísàlẹ̀. Ó lóṣòó tì wọ́n.

"Who plant?"

"Na me, Pa."

Ó fọwọ́ ra ewé ọ̀kan. "You go drink am. Me, I don old. I go just smell am."

Ẹ̀rín díẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì ti bá wa, ó gbọ́ pé bàbá ti dé. Ó gbé iyọ̀ àti òkúpọrọ́kọ́ wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ sọ́jà. Ó ní, "Papa, no vex. Dem dey rest. When rain fall, dem go wake."

Ọwọ́ mi di ìkúùkù. Pa wo Sájẹ́ǹtì, ó sì ní, "Yes, my pikin. Dem dey rest."

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́ fún ẹni tó pa igi rẹ̀. Ó ní, "That boy dey go him papa house. Make e no carry this one go." Wọ́n gbé Sájẹ́ǹtì lọ síbòmíràn kó tó di ìgbà òjò. Bó bá wà láyé, bóyá ó ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa igbó tó fi sílẹ̀ kó máa sinmi ní Okrika.

Òjò ọdún náà ni ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó léfòó sójú omi, ó ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò jáde kí ọkọ̀ onírin àwọn tó ń wa epo lè kọjá. Ẹnikẹ́ni kò bi Pa. Wọ́n gbẹ́ ẹ láti ẹnu odò kọjá igbó wa, ẹrẹ̀ di òkè létí omi, odò náà fẹ̀, ó jìn. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ pé ìdàgbàsókè dé. Omi òkun náà rí ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù ayé mi kí n tó parí ti ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ, torí kò pọ̀. Pa kú kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé. Mi ò padà sílé, ojú ń tì mí. Mo wá sí Port Harcourt, mo sì ń ta ẹmu tí ẹlòmíràn dá, títí eékún mi fi ní ó tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, akèrègbè là ń lò, o lè fi imú mọ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn náà ó di ìgò, ó di kẹ́ẹ̀gì oníke, ike sì ń fún gbogbo ẹmu ní òórùn kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi là á, wọ́n ń fi ṣúgà àwọn onítọ̀ ṣúgà sí i. Mo fi gbogbo rẹ̀ tọ́ ọmọ. Ọmọ ọmọ mi kan wà ní yunifásítì ní Choba báyìí, ó ń mu ẹmu inú ìgò, ó ní ó dùn. Mo tọ́ ọ wò, mo sì dá ìgò náà padà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí iṣẹ́ tó dára, mi ò mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo mọ̀, kò sí níbì kankan mọ́.

Ọjọ́ náà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ lọ, Pa ní kí n wa ọkọ̀ gbé òun lọ wo àwọn ọmọ ògùrọ̀. Mo ti sọ fún un lọ́jọ́ tó ṣáájú pé wọ́n ń ṣe dáadáa. Mo rí ewé tó ń pọ́n létí, mo ní oòrùn ni. Níbi tó ti máa ń tọ́ omi wò, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi sẹ́nu. Kò mi orí. Ó ní kí n máa wà á lọ. Ó tún tọ́ ọ wò níwájú, ó tún tọ́ ọ wò níwájú sí i. Nígbà tí a wọ inú igbó, ó na ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ní ìdí ọmọ ògùrọ̀ àkọ́kọ́, ó fi ìka sẹ́nu fún ìgbà pípẹ́.

"Salt," ó wí.

Kò bọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí n yí ọkọ̀ padà. Mo wà á títí dé Okrika, omijé ò jẹ́ kí n rí iwájú dáadáa, òun kọ ẹ̀yìn sí mi.

Nírọ̀lẹ́, ó dá iná fúnra rẹ̀, ó ro ẹ̀bà, ó gbé tèmi fún mi. Ọbẹ̀ lásán ni mo rí, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi: mo ti ní àwọn ọmọ ògùrọ̀ ń ṣe dáadáa, ìyẹn náà dà bí ìgbà tí mo nàka sí igi tí kò tíì tó. Mo bu ẹ̀bà dé àárín. Ẹja kan wà nísàlẹ̀ àwo.

Mo gbé ojú sókè. Pa ń wo odò, bí Mama ṣe máa ń wo ibòmíràn. Mo wá mọ̀ pé ó ti mọ̀ nípa ẹja tí Mama ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo ọjọ́ tí a fi rò pé a ń tàn án jẹ. Mo wo àwo tirẹ̀. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.